Ṣé ojúṣe Kristẹni ni ìdìbò? Kí ni ìjọ lè ṣe kí ọjọ́ náà tó dé?

Ọmọ Yàgbà, Isanlu

Okun o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá, pàápàá lọ́dọ̀ ẹ̀yin alàgbà ìjọ àti ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ ìdìbò tinú tẹ̀yìn.

Kíláàsì Ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn ọ̀dọ́ ní ìjọ wa ti pín sí méjì. Àwọn kan ní ìjọba Jésù kì í ṣe ti ayé yìí, Jòhánù 18:36, pé àdúrà nìkan ló kàn wá, pé olóṣèlú ò ní ṣe kó má kó àbàwọ́n bá ẹni tó bá bá a rìn. Àwọn yòókù ní kí pásítọ̀ kúkú dárúkọ ẹni tí a ó dìbò fún láti orí pẹpẹ, kí gbogbo ìjọ lọ dì í lọ́jọ́ Sátidé náà, ó parí. Èmi ò fara mọ́ ti àkọ́kọ́, ti ìkejì sì ń bà mí lẹ́rù.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Kristẹni jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò? Kí ni ìjọ lè ṣe tí kò ní lòdì sófin? Bí wọ́n bá gbé owó wá, tí wọ́n ní ká fi Bíbélì búra lé e, báwo la ṣe máa dá àwọn ìyá wa lóhùn? Ìdajì àwọn ọ̀dọ́ wa ló sì wà ní Abuja, Lokoja àti Ilorin. Káàdì àwọn kan wà nílé, àwọn kan ò ní rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo lè gbé síwájú ìgbìmọ̀ alàgbà ni kí ẹ fún mi.

Alàgbà Ìjùmú

Okun, ọmọ mi. Inú mi dùn pé ẹ̀ ń jiyàn lé e lórí, torí ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í fẹnu bà á àfi tí olùdíje bá ti jókòó síwájú pẹ̀lú àpò ọrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ ka Jòhánù 18:36 parí. Jésù ń sọ fún Pílátù pé nítorí pé ìjọba òun kì í ṣe ti ayé yìí ni àwọn ìránṣẹ́ òun kò ṣe jà kí wọ́n má bàa fa òun lé àwọn Júù lọ́wọ́. Idà ni ẹsẹ náà gbà lọ́wọ́ wa. Ó ka iṣẹ́ tọ́ọ̀gì léèwọ̀ fún ọmọ ìjọ, ì báà jẹ́ nítorí olùdíje tó jẹ́ díákónì. Kò ní kí Kristẹni má bìkítà nípa ẹni tí yóò máa ṣàkóso omi, ọ̀nà àti ilé ìwé ìlú rẹ̀. Pọ́ọ̀lù náà mọ̀ pé ọmọ ọ̀run lòun, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dè é láti nà án ní Ìṣe 22, ó béèrè bóyá òfin gbà kí wọ́n na ará Róòmù tí a kò dá lẹ́jọ́. Ní orí 25, ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú Késárì. Ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lò ó.

Róòmù 13 ní kí a tẹrí ba fún àwọn aláṣẹ. Lábẹ́ Késárì, ta ló ń bi mẹ̀kúnnù léèrè ohunkóhun? Ṣùgbọ́n apá 14(2)(a) nínú òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé àwọn ará Nàìjíríà ló ni agbára, pé ọwọ́ wọn ni ìjọba ti ń gba àṣẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó mú káàdì ìdìbò dání wà lára àwọn tí a fi àṣẹ sí lọ́wọ́, a ó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe lò ó.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà ní kíláàsì ni Ìṣe orí 6. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríkì ń kùn pé wọ́n ń fojú fo àwọn opó àwọn dá nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹ wò ó dáadáa: ọ̀rọ̀ ìpín ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n lọ gbààwẹ̀ kí wọ́n sì dákẹ́. Wọn kò sì fúnra wọn dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí ìjọ wo ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí rere sí, tó kún fún Ẹ̀mí àti ọgbọ́n, kí ìjọ yàn wọ́n, àwọn yóò sì fi wọ́n jẹ iṣẹ́ náà. Orúkọ Gíríkì ni àwọn méjèèje ń jẹ́. Ó hàn gbangba pé wọ́n fi àwọn tí ìyà ń jẹ sídìí ìpín náà.

Àwa Okun, Yorùbá Kogi West, mọ adùn ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, kò tíì sí ọmọ Okun kan tí a dìbò yàn sípò gómìnà. Ti Clarence Olafemi ní 2008, adelé ni, kò sì ju oṣù díẹ̀ lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí a kùn sí i, bí àwọn opó yẹn ṣe kùn. Ohun tí Kristẹni kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ó máa bú Igala tàbí Ebira nítorí rẹ̀, tàbí kó gbà pé ọmọ Okun kankan tó bá ti dìde ti yẹ. “Tí a jẹ́rìí rere sí” ṣì wà nínú ẹsẹ náà.

Ní ti bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má dìbò: ìwé Katikísìmù ìjọ Kátólíìkì, nọ́ńbà 2240, ka ìdìbò mọ́ owó orí àti ìdáàbòbò orílẹ̀-èdè, ó sì pè é ní ojúṣe. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà kì í dìbò rárá, ìyẹn sì wà láàárín àwọn àti ẹ̀rí ọkàn wọn. Èmi ò ní pe aláìsàn tàbí ẹni tí kò rí olùdíje kankan tí ọkàn rẹ̀ gbà ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó lágbára láti lọ, tó mọ̀ pé ó yẹ kóun lọ, tó sì dùbúlẹ̀ sílé, kí ó ka Jákọ́bù 4:17 fúnra rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù Lóko

Ẹ kú ọ̀rọ̀, bàbá. Màá fi kún un láti ọ̀nà iṣẹ́.

Ọmọ Yàgbà, àwọn méjèèjì tó ń jà ní kíláàsì yín ń wo ọjọ́ ìdìbò nìkan. Ọjọ́ ìdìbò ti pẹ́ jù. Òfin Nàìjíríà kò fàyè gba olùdíje tó dá dúró. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló gbọ́dọ̀ gbé e kalẹ̀. Bí ẹ bá dé ibùdó ìdìbò láago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀, àwọn tó wà lórí ìwé ìdìbò ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti yàn nínú ìbò abẹ́lé lóṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn tó yan wọ́n kì í pọ̀. Ní wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń forúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, níbẹ̀ sì ni wọ́n ti ń yan àwọn olóyè wọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ ìbò abẹ́lé tààrà, èyí tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń dì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ nìkan ni yóò tò. Kristẹni tó ní òun kì í ṣe ẹgbẹ́, ohun tí àwọn ẹlòmíì bá sè kù ló máa jẹ.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ ṣe é wá ibi tí ẹgbẹ́ tó wù ú ti ń pàdé ní wọ́ọ̀dù rẹ̀, kó forúkọ sílẹ̀, kó gba káàdì ẹgbẹ́, kó rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kó máa san owó ẹgbẹ́, kó sì máa lọ ìpàdé. Ohun tó ń ba èyí jẹ́ jù ni pé wọ́n á forúkọ sílẹ̀ tán, wọn ò ní lọ ìpàdé kankan, wọ́n á wá yọjú lọ́jọ́ ìbò abẹ́lé, wọ́n á sì gbọ́ pé orúkọ àwọn ò sí níbẹ̀. Kí wọ́n má sì lọ tọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ìjọ tó bá kó gbogbo ọmọ rẹ̀ sínú ẹgbẹ́ kan ti di ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà. Ó dáa kí ẹ ní ọmọlúàbí nínú ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí ẹni tí ó bá jáde níbikíbi lè jẹ́ ẹni tó ṣeé gbà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí: láti 2018 tí wọ́n ti yí òfin yẹn padà, ẹni ọdún 25 lè díje sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ilé aṣojú-ṣòfin l’Ábújá. Gómìnà àti sẹ́nétọ̀ ṣì wà ní 35, ààrẹ náà wà ní 35. Ìwé mẹ́wàá tàbí ohun tó bá a dọ́gba ni òfin béèrè. Òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ ṣáájú ìdìbò. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ yín tó ti lé ní 25 kì í ṣe ọmọdé lójú òfin mọ́.

Ní ti ohun tí ìjọ lè ṣe: Òfin Ìdìbò ka ilé ìjọsìn léèwọ̀ fún ìpolongo, ó sì kà á léèwọ̀ pé kí wọ́n lò ó láti gbé ẹgbẹ́ tàbí olùdíje ga, tàbí láti bú wọn. Òfin náà tún de ẹni tó bá fi ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà polongo. Owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n wà fún méjèèjì. Nítorí náà, èyí tí apá kejì kíláàsì yín ń fẹ́, kí pásítọ̀ dárúkọ ẹnì kan lórí pẹpẹ, òfin ti pa á run. Kò sì dára fún ìjọ fúnra rẹ̀: ọmọ ìjọ tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì yóò jókòó síbẹ̀ bí àlejò nílé bàbá rẹ̀, bí olùdíje yẹn bá sì wọlé tó jalè, orúkọ ìjọ ni yóò bàjẹ́.

Ohun tó wà nílẹ̀ fún ìjọ pọ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ lè kéde ìforúkọsílẹ̀, ẹ lè kọ́ àwọn àgbà bí a ṣe ń tẹ̀ka, ẹ lè pe gbogbo olùdíje ipò kan, láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, sí gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ìwé kan, kí ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. Ìbéèrè tó dáa kì í ṣe “kí lẹ máa ṣe fún wa?” Ẹ bi wọ́n pé: iṣẹ́ àkànṣe mélòó lẹ fẹ́ kó sínú ìsúnná owó ọdún àkọ́kọ́, níbo ni yóò wà, èló ni? Ẹni tí kò bá tíì ronú sí i yóò hàn lójú ẹsẹ̀.

Ti ìforúkọsílẹ̀: ẹni tó ti pé ọdún 18 lè bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi cvr.inecnigeria.org nígbà tí INEC bá ṣí i, ṣùgbọ́n kò tíì parí síbẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ yọjú sí ọ́fíìsì INEC kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìka rẹ̀. Ọ́fíìsì wọn wà ní olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: Isanlu fún Yagba East, Odo-Ere fún Yagba West, Mopa fún Mopa-Muro, Iyara fún Ijumu, Kabba fún Kabba/Bunu. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ará Abuja àti Ilorin tó ti forúkọ sílẹ̀ nílé ní ọ̀nà méjì: kí wọ́n béèrè pé kí INEC gbé orúkọ wọn lọ síbi tí wọ́n ń gbé, tàbí kí wọ́n wá sílé. Kí wọ́n má ṣe forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì níbòmíì. Ẹ̀rọ máa fi ìka wọn dá wọn mọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin. Káàdì tó bá sọnù náà, ẹ béèrè òmíràn, ẹ má ṣe forúkọ sílẹ̀ tuntun. Ìforúkọsílẹ̀ máa ń parí tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìdìbò. Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, kó ti wọlé kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, torí wọ́n máa ń dá ọkọ̀ dúró lọ́jọ́ ìdìbò. Bí ọ̀nà wa sì ṣe rí lásìkò yìí, ẹ má rin òru.

Ìyá Ẹgbẹ́, Egbe

Okun gbogbo yín o. Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti owó, torí àwa obìnrin ni wọ́n máa ń gbé e wá bá.

Owó kì í dédé dé lọ́jọ́ ìdìbò. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, obìnrin kan tí gbogbo wa mọ̀ yóò wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan. Á ní ìjọba fẹ́ ran àwọn obìnrin lọ́wọ́, kí a kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà àkáǹtì, àti nọ́ńbà tó wà lára káàdì ìdìbò wa. Ẹ̀yin ìyá, ìrànlọ́wọ́ wo ló ń béèrè nọ́ńbà káàdì ìdìbò? Òǹkà ìbò tí wọ́n fẹ́ rà ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ yẹn. Kí ààrẹ ẹgbẹ́ ní ìjọ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ lásọyé pé a kì í fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà káàdì, a kì í sì fi káàdì sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ìyàwó alága.

Lọ́jọ́ gan-an, “dìbò kóo sebẹ̀” ní bó ṣe ń lọ. Ẹni tó gba owó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ti ṣe é. Wọ́n lè ní kó fi fóònù ya ìwé ìdìbò lẹ́yìn tó bá tẹ̀ka tán, tàbí kó rọra ṣí i díẹ̀ lẹ́bàá àpótí níbi tí ajẹ́ǹtì wọn dúró sí. INEC ka fóònù léèwọ̀ nínú ibi tí a ti ń tẹ̀ka. Bí ìyá bá fi fóònù rẹ̀ sílé, ọ̀nà ìjẹ́rìí àkọ́kọ́ ti dí. Bó bá ká ìwé rẹ̀ dáadáa, ìkejì náà ti dí.

Àwọn kan nínú ìjọ ń kọ́ wa pé “ẹ gba owó wọn, owó wa náà ni, kí ẹ sì dìbò fún ẹni tó wù yín.” Èmi ò gbà. Ẹ́kísódù 23:8 ní ẹ̀bùn a máa fọ́ àwọn tó ríran lójú. Kò ní àfi ẹ̀bùn olóṣèlú. Òfin ìjọba náà mú ẹni tó gbà bó ṣe mú ẹni tó fún un. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó kékeré tí ìyá gbà fún ọdún mẹ́rin, kó pín in fún ọjọ́ mélòó ló wà nínú ọdún mẹ́rin, kó rí iye tó ta ojoojúmọ́ rẹ̀.

Ìbúra ni wọ́n fi ń mú àwọn obìnrin wa jù. Ìyá á ti gba owó, á ti fi Bíbélì búra, ẹ̀rí ọkàn á wá máa jẹ ẹ́ pé bí òun bá dìbò fún ẹlòmíì, Ọlọ́run á bínú. Ẹ bá a ka Máàkù orí 6. Hẹ́rọ́dù búra fún ọmọbìnrin tó jó níwájú rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà béèrè orí Jòhánù, inú Hẹ́rọ́dù bàjẹ́, ṣùgbọ́n nítorí ìbúra rẹ̀ àti àwọn tó jókòó tì í, ó ní kí wọ́n lọ bẹ́ ẹ lórí. Ó pa ìbúra mọ́, ó sì pa wòlíì. Ìbúra tí a fi ṣe ibi kì í di mímọ́ nítorí pé a fi Bíbélì ṣe é. Léfítíkù 5:4-5 sọ ohun tí ẹni tó búra láìronú yóò ṣe: kí ó jẹ́wọ́. Kí ó jẹ́wọ́, kí ó dá owó padà bí ó bá ṣeé ṣe láìséwu, kí ó sì dìbò bí Ọlọ́run bá ṣe fi sí i lọ́kàn.

Ẹ má sì gbàgbé ohun tó ń mú wọn gbà á. Ìyá tí kò ní ohun tí yóò sè lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ìwàásù nìkan kò tó o. Kí ẹ̀ka ìrànlọ́wọ́ ìjọ ti pín gààrí àti ẹ̀wà fún àwọn opó kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé, láìdárúkọ ìdìbò sí i rárá.

Ọmọ Búnú

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ yín dùn, ṣùgbọ́n kí la fẹ́ kọ́ àwọn èèyàn láti tẹ̀ka fún nígbà tí wọ́n ti kọ èsì sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ náà? Ṣebí gbogbo wa rí ìdìbò gómìnà Kogi ti November 2023.

Wọ́ọ̀dù Lóko

Ọmọ Búnú, òótọ́ lo sọ. Ní 11 November 2023, INEC fúnra rẹ̀ dá ìdìbò dúró ní wọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án ní Ogori/Magongo nítorí ìwé èsì tí wọ́n ti kọ nǹkan sí kí ìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ìdí tó fi di mímọ̀ ni pé ẹnì kan wo ìwé náà. Ibi tí kò sí ẹni tó wò ó, ta ni yóò sọ? Iṣẹ́ ajẹ́ǹtì nìyẹn, iṣẹ́ Kristẹni sì ni ju bí a ṣe rò lọ.

Ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀tọ́ sí ajẹ́ǹtì kan ní ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, INEC ló sì ń fún un ní àmì ìdánimọ̀ nípasẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í rí èèyàn tó mọ̀wé dáadáa fi síbẹ̀. Ọ̀dọ́ ìjọ yín tó bá wà nínú ẹgbẹ́ lè gbà á. Bó bá débẹ̀, kí àpótí tó ṣí, kó ní kí wọ́n fi ìwé èsì tí wọ́n ń pè ní EC8A hàn án. Kó wò ó pé òfìfo ni, kó wo orúkọ ibùdó àti nọ́ńbà rẹ̀, kó sì kọ nọ́ńbà ìwé náà sílẹ̀. Kó wo inú àpótí pé òfìfo ni, kí wọ́n tó dè é.

Nígbà tí wọ́n bá kà tán, láago méjì ààbọ̀ ọ̀sán sókè lẹ́yìn tí gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ti dìbò, òǹkà mẹ́ta ni kó fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni iye àwọn tí ẹ̀rọ BVAS fi ìka tàbí ojú dá mọ̀. Ìkejì ni iye ìwé ìdìbò tí wọ́n lò: ìwé tó bàjẹ́, ìwé tí wọ́n kọ̀, àti ìbò tó dára, ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìkẹta ni ìwé tó kù. Bí a bá pa ìkejì àti ìkẹta pọ̀, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye ìwé tí wọ́n kó wá. Bí ìbò bá sì ju iye tí BVAS dá mọ̀ lọ, òfin ní kí wọ́n fagi lé èsì ibùdó náà. Kó sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, kó ní kí wọ́n tún kà á bó bá ṣiyèméjì. Lẹ́yìn náà kó fọwọ́ sí i, kó gba ẹ̀dà tirẹ̀, kó sì ya fọ́tò èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibùdó. Kíkọ̀ láti fọwọ́ sí i kò sọ èsì di asán. Ó kàn ń jẹ́ kí ajẹ́ǹtì náà lọ sílé láìní ẹ̀dà lọ́wọ́.

BVAS ni wọ́n fi ń gbé àwòrán ìwé náà lọ sórí IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé èsì sí. Láwọn abúlé wa tó wà láàárín òkè, ẹ̀rọ lè má rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, àwòrán náà á sì pẹ́. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín ni ẹ máa fi bá èyí tó bá jáde níbẹ̀ wé. Bí òǹkà bá yàtọ̀, agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ ló ni ín láti ibẹ̀ lọ.

Ti àwọn àgbà: lórí ìwé ìdìbò, àmì ẹgbẹ́ àti ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ olùdíje, kò sí fọ́tò. Ìyá tó bá ń wá ojú ẹni tó fẹ́ dìbò fún yóò dàrú. Ní 2023, ẹgbẹ́ 18 ló wà lórí ìwé ààrẹ. Ẹ ya ìwé bíi tirẹ̀, kí ẹ fi isu, ìkòkò, ọkọ́ àti ẹyẹ sí àyè àmì, kí ó má bàa jọ pé ẹ̀ ń polongo. Ẹ fún wọn ní íńkì. Kí wọ́n tẹ ìka kan ṣoṣo sí àyè kan ṣoṣo lórí ìwé náà, kí ó má kan ìlà ti ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ká a bí òṣìṣẹ́ INEC ṣe ká a fún wọn. Bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mìíràn, íńkì tútù á lẹ̀ mọ́ àmì ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n á sì kọ ìbò náà. Kí wọ́n sì mọ̀ pé àwọn arúgbó, aláboyún, abiyamọ àti abirùn ló kọ́kọ́ ń dìbò. Kí wọ́n má fi ìtìjú tò sẹ́yìn.

Ọmọ Yàgbà, Isanlu

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: lẹ́yìn tí ẹni náà bá wọlé, tí kò ṣe ohun tó sọ ńkọ́? Àwọn kan ní ká kàn fọwọ́ sí ìwé ká dá a padà wálé.

Alàgbà Ìjùmú

Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ ní Kogi West yìí. Ó gba kí ó lé ní ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní ẹkùn náà fọwọ́ sí i, kí INEC sì rí wọn lójúkojú. Ní 28 April 2018, INEC yẹ ọwọ́ àwọn tó fọwọ́ sí ìwé láti dá sẹ́nétọ̀ tó wà níbẹ̀ nígbà náà padà wò. Nínú 351,146 tó forúkọ sílẹ̀, 18,742 péré ni wọ́n rí dá mọ̀, ìyẹn 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó parí síbẹ̀. Ẹ má fi ọgbọ́n yẹn ṣe àkọ́kọ́.

Àdúrà wà nínú Tímótì Kìíní 2, ẹ máa gbà á ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, kí ẹ dárúkọ wọn níbẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìpolongo. Kí ẹ sì ka Nehemáyà orí 5 sí wọn létí nígbà tí wọ́n bá wá kí ìjọ: gómìnà tó fi ọdún méjìlá ṣàkóso tí kò jẹ oúnjẹ gómìnà, nítorí ẹrù wúwo lórí àwọn èèyàn náà.

Wọ́ọ̀dù Lóko

Kún ti bàbá: ẹ kọ lẹ́tà. Òfin tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba wà láti 2011, ọjọ́ méje ló sì fún ọ́fíìsì láti dáhùn. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ó de gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin ní Isanlu, aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo ni ẹ̀yin, Yagba West àti Mopa-Muro jọ ní l’Ábújá. Kabba/Bunu àti Ijumu náà jọ ní ẹnì kan. Ẹ lè jọ kọ lẹ́tà náà pẹ̀lú ìjọ láti ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó má jọ ọ̀rọ̀ ìlú kan. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè nínú lẹ́tà kan: orúkọ iṣẹ́ náà, iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, agbaṣẹ́ṣe tó gbà á, iye tí wọ́n ti san. Bí ẹ bá kó ìbéèrè mẹ́wàá sínú lẹ́tà kan, èyí tó rọrùn ni wọn yóò dáhùn. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ọ̀kan fún yín, torí láìsí òǹtẹ̀ yẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè ka ọjọ́ méje náà.